Irin Nínú Wáìnì Bàbá

Àwọn àgbà ní ahọ́n àti eyín ń gbé inú ẹnu kan náà, síbẹ̀ wọn a máa jà. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn kò bá àwọn ọmọ ìyá méjì yìí pàdé. Bó bá bá wọn pàdé ni, ì bá fi kún un pé lọ́jọ́ mìíràn, eyín a ṣubú, ahọ́n a sì jẹ̀bi.

Èyí ẹ̀gbọ́n ni Alásè. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń dáná nílé oúnjẹ ìyá wọn, ilé kan tó ní tábìlì mọ́kànlá àti fèrèsé mẹ́ta tó kọjú sí títì. Ọwọ́ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbóná ju ààrò rẹ̀ lọ. Àbúrò ni wọ́n ń pè ní Ahọ́n. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tọ́ wáìnì wò, kó sì sọ oúnjẹ tó bá a mu: èyí yẹ ẹja, èyí yẹ adìyẹ, èyí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ohunkóhun bí kò ṣe ẹran pupa tó lọ́ràá. Láti ọdún tí àìsàn kan ti gba adùn ẹnu lọ́wọ́ ìyá wọn, tí iyọ̀ àti ṣúgà ti di ọ̀kan náà fún un, ẹnu àbúrò yìí ni Màmá fi ń jẹun. Bó bá ní ó dùn, ó dùn nìyẹn. Bó bá ní kò dùn, wọn a dà á nù, ẹnikẹ́ni kì í bi í pé kí ló dé.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ahọ́n wà nínú yàrá tútù tí wọ́n ń kó ẹran sí. Alásè wọlé tẹ̀lé e, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn pa.

"Ahọ́n, o mọ ohun tí Màmá sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n."

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Wọ́n ní tí ìhà màlúù yín bá bá wáìnì Bàbá mu lọ́sàn-án òní, kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná di tiyín títí ọjọ́ alẹ́ yín. Tí kò bá bá a mu, kí ẹ ká aṣọ iṣẹ́ yín, kí Àlejò gba ibẹ̀."

Àlejò ni alásè tí Màmá ránṣẹ́ pè láti ìlú mìíràn. Kò ṣàdédé pè é. Nínú oṣù kan ṣoṣo, Alásè ti ju àwo gbígbóná lu agbáwo méjì, awọ ọrùn ọ̀kan sì bó bí èèpo ọ̀dùnkún.

"Ó dáa. Kí lo máa sọ?"

"Ohun tí mo bá bá lẹ́nu ni màá sọ."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó o máa bá lẹ́nu. Mo ní kí lo máa sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹran yín dára. Kí wá lẹ̀ ń bẹ̀rù?"

"Èmi? Èmi ló ń bẹ̀rù?"

Ẹ̀ṣẹ́ dé kí ìbéèrè tó tán. Ọwọ́ tó ti ń la egungun fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe ọwọ́ téèyàn ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbà. Orí Ahọ́n lọ lu ìkọ́ ẹran, ó padà wá bá ẹ̀ṣẹ́ kejì lójú ọ̀nà, ó ṣubú sáàárín àwọn garawa ọ̀rá. Alásè fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà, ó di kọ́là rẹ̀ mú, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fọ́ àgbọn.

"Sọ pé ó bá a mu! Sọ ọ́!"

"Tí ẹ bá pa mí," Ahọ́n fi ìwọ̀nba ohùn tó kù fún un sọ, "ta ni yóò wá tọ́ ọ wò?"

Ọ̀rọ̀ náà pa Alásè lẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. Ó tú u sílẹ̀, ó gbé e dìde, ó tilẹ̀ gbọn aṣọ rẹ̀ fún un.

"Lọ fọ ẹnu rẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí Màmá rí i o."

Kò tilẹ̀ yẹ kó sọ ìyẹn. Òfin kan ni Màmá fi tọ́ wọn dàgbà: ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun là ń tu jáde. Ọmọ tó bá gbé ìjà wá síwájú rẹ̀, àti ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tó jàre, ebi ni wọ́n jọ ń sùn. Nígbà tí Ahọ́n wà lọ́mọ ọdún méje, tí Alásè ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, igi ló sọ fún Màmá pé òun já bọ́ látorí rẹ̀. Lónìí náà, omi tútù àti iyọ̀ ló fi fọ ẹnu, ó ń tutọ́, ó ń wò ó, títí itọ́ fi funfun. Eyín kan lápá òsì, èyí téèyàn fi ń já ẹran, ń mì bí ilẹ̀kùn tí ìṣó rẹ̀ ti yọ. Ó fi ahọ́n tì í padà sáyè rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì tó tóbi jù, wọ́n gbé ife, búrẹ́dì, aṣọ ìnuwọ́ àti garawa onírin kékeré síbẹ̀. Inú garawa yẹn ni atọ́wáìnìwò ń tu ti ẹnu rẹ̀ sí, torí ẹni tó bá ń gbé gbogbo ohun tó tọ́ wò mì, kí ilẹ̀ tó ṣú, orin ni yóò máa kọ dípò ẹjọ́ tí wọ́n ní kó dá. Màmá jókòó ní ìkángun tábìlì, kọ́kọ́rọ́ wà níwájú rẹ̀. Àlejò jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ tó fi awọ wé lé itan, ó ń wo títì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Alásè fúnra rẹ̀ ló gbé àwo wọlé. Wákàtí márùn-ún ni ìhà màlúù náà ti lò nínú ààrò. Ọ̀rá rẹ̀ ń dán, ata dúdú ti sun mọ́ ara rẹ̀, ọbẹ̀ tó fi mùdùnmúdùn egungun àti olú sè sì yí i ká, ó ki dé ibi tí ṣíbí ń dá dúró nínú rẹ̀.

Ahọ́n ṣí ìgò. Mẹ́fà péré ló kù nínú wáìnì tí bàbá wọn tọ́jú sí yàrá abẹ́ ilé kó tó kú. Ó dúdú débi pé bó o bá gbé ife náà síwájú àtùpà, o ò ní rí iná. Bàbá wọn a máa sọ pé: "Wáìnì yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ gbogbo ayé. Fún un ní ọ̀rá, á dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Fún un ní ẹja, á bu ọ́ jẹ." Ẹni tó bá lè se oúnjẹ tí yóò tu wáìnì yẹn lójú, ó ti di alásè nìyẹn.

Ahọ́n yí ife, ó gbóòórùn rẹ̀: igi jíjó, awọ bàtà tuntun, èso dúdú tó pọ́n kọjá. Ó mu díẹ̀. Wáìnì náà ń fún ahọ́n pọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, agbára rẹ̀ kún ẹnu dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tu ú dà sí garawa.

"Ara wáìnì dá, Màmá. Kò sí àbùkù kankan."

"Ó dáa. Jẹ ẹran."

Ó já ẹran lára egungun. Iṣan kan há, ó fi eyín fà á, ohun kan sì já nínú èrìgì rẹ̀. Ó ro ó, ṣùgbọ́n ẹnu tó ti ń ro ó láti àárọ̀ kò ka ìyẹn sí nǹkan. Ó rún ẹran náà. Ó rọ̀, ó lọ́ràá, iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Ní inú ara rẹ̀ ó ń sọ pé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti yege. Ó wá gbé wáìnì lé e lórí.

Ibi tó yẹ kí wáìnì náà ti tú ọwọ́ rẹ̀, kí adùn èso yọ jáde lábẹ́ ọ̀rá, irin ló bá níbẹ̀. Irin pọ́ńbélé, bí ẹni lá ìṣó. Ó tu ú sí garawa, pupa bọ́ sínú pupa. Ó tún ẹran jẹ, ó tún wáìnì mu. Irin náà le sí i.

Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé bí irú wáìnì bẹ́ẹ̀ bá di irin lẹ́nu, ẹja ni kéèyàn kọ́kọ́ fura sí. Ahọ́n sì mọ ohun mìíràn: nígbà èwe, Alásè a máa fi ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀ pamọ́ sínú ọbẹ̀ ẹran kó lè lágbára. Bàbá wọn ti na án nítorí ẹ̀ rí.

"Ahọ́n, ẹnu rẹ ni mò ń wò," Màmá wí.

"Irin ni, Màmá."

"Irin báwo?"

"Kò bá a mu. Ẹja wà nínú ọbẹ̀ náà."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Alásè. "Ẹja? Ẹja wo? Látàárọ̀, ẹja kankan ò gba iwájú ilé ìdáná mi kọjá! Màmá, irọ́ ló ń pa. Ó ń gbẹ̀san ni!"

"Ẹ̀san kí ni?"

Alásè wo Ahọ́n, Ahọ́n wo aṣọ tábìlì.

"Mo ní ẹ̀san kí ni? Ṣé ẹ jà ni?"

"Rárá, Màmá," àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ ilé ìwé.

Bí ọmọ ìyá méjì bá wọ yàrá lọ sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá fi ẹ̀rín jáde, irọ́ ni wọ́n pa fúnra wọn. Màmá mọ òwe yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ rẹ̀ tó gbẹ́kẹ̀ lé ló mọ̀ jù. Ó fi ọwọ́ ti kọ́kọ́rọ́ náà kọjá lórí tábìlì, ó kọjú sí fèrèsé.

"Àlejò, wá gbà á."

Ọkùnrin náà dìde, kò nawọ́. "Màmá, ẹ jẹ́ kí èmi náà tọ́ ọ wò ná."

"Ìwọ tó o fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́? A kì í fi ológbò ṣe adájọ́ fún eku. Gbà á."

Àfi gbàgà! Alásè ti dojú tábìlì dé. Ìgò, àwo, garawa, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Kí Ahọ́n tó dìde, ọwọ́ méjèèjì ti wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti wà lára ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́. Àlejò gbé àga, ó fi la Alásè lẹ́yìn. Àga fọ́, ẹ̀yìn ò fọ́. Alásè yíjú, ó gbá Àlejò mú ní àyà àti ìgbànú, ó sì sọ ọ́ lu kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí wọ́n ń kó ife sí. Ife àádọ́ta rọ́ lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n!" Alásè kígbe. "Ahọ́n, ẹnu rẹ ti pa mí. Ohun tí ẹnu rẹ fẹ́ràn, èmi náà á pa á."

Ó wọ ilé ìdáná, ó jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ ńlá tí wọ́n fi ń gé egungun, ó gba àtẹ̀gùn yàrá abẹ́ ilé sọ̀ kalẹ̀.

Ahọ́n jókòó sílẹ̀, ó ń wá èémí kiri. Ó mú aṣọ ìnuwọ́ kan tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi nu ẹnu. Nígbà tó wò ó, àwọ̀ méjì ló rí. Ọ̀kan jẹ́ ti wáìnì, ó dúdú bí ojú ọgbẹ́ tó ti ní èépá. Ìkejì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ata tútù, ó sì ń gbòòrò sí i lójú rẹ̀. Ó ki ìka bọ ẹnu. Eyín náà kò tíì ṣubú, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti ṣí, ẹ̀jẹ̀ ń sun níbẹ̀ bí omi nídìí àpáta.

Nísàlẹ̀, ìgò àkọ́kọ́ fọ́.

Ó yé e. Ẹran tó já ló ṣí ojú ọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló tọ́ wò, ló wá pè ní ẹja. Wáìnì pupa inú garawa ti bò ó mọ́ ọn lójú, torí ẹni tó ń tu wáìnì pupa kò lè mọ̀ bóyá itọ́ òun funfun.

Ìgò kejì fọ́.

Bó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ọrùn rẹ̀ ṣì ń gbóná níbi tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fún un. Kí Alásè máa lọ, ilé á tòrò. Bó bá sì sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún fi ife lé e lọ́wọ́, Ahọ́n tí kò mọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹja? Ó jókòó síbẹ̀ títí ìgò kẹta fi fọ́. Ó wá dìde, ó di aṣọ ìnuwọ́ náà mú.

"Má sọ̀ kalẹ̀ o," Màmá kígbe. "Á pa ọ́!"

"Ó tọ́ sí mi díẹ̀, Màmá."

Ilẹ̀ yàrá abẹ́ ilé ń yọ̀ bí ọṣẹ. Òórùn igi jíjó àti èso dúdú kún ibẹ̀ débi pé ó ń ta ojú. Ìgò kẹrin ti wà lọ́wọ́ Alásè.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹja! Ẹ̀jẹ̀ mi ni! Ẹ wò ó!"

Alásè ò gbọ́, tàbí ó gbọ́, kò gbà. Ó sọ ìgò náà mọ́ ògiri, ó sì ju ọ̀bẹ sí i. Ahọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀bẹ wọ inú pákó àtẹ ìgò lókè orí rẹ̀, ó há síbẹ̀. Alásè fi ẹ̀ṣẹ́ rọ́pò ọ̀bẹ. Ọ̀kan bá ìhà, ọ̀kan bá etí. Ahọ́n kò ní ibi tó máa gbà, kò sì ní ohun ìjà kankan bí kò ṣe ẹnu tó fi ń jẹun. Ó gbé ẹnu náà mọ́ apá òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi eyín dì í mú.

Alásè ké, ó já ara rẹ̀ gbà pẹ̀lú agbára, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú wáìnì. Ó na ọwọ́ ọ̀tún kó fi gba ara rẹ̀ dúró, ọrùn ìgò tó fọ́ ló sì bá nílẹ̀. Ìró tó dún kì í ṣe ti gíláàsì nìkan.

Alásè jókòó sínú omi pupa, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ń wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ náà ṣí láti ìdí àtàǹpàkò dé ìdí ọmọńdinrín. Ó wá wo apá òsì. Ohun funfun kan dúró ṣánṣán nínú ẹran apá rẹ̀.

"Eyín ta nìyí?"

"Tèmi ni," Ahọ́n dáhùn. Ẹnu rẹ̀ ń dà. "Ẹ̀yin lẹ là á láàárọ̀. Ìhà màlúù yín ló parí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ni mo tọ́ wò lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n. Ẹran yín bá a mu."

Alásè fi ìka méjì tí kò gbọgbẹ́ yọ eyín náà, ó gbé e sórí àtẹ ìgò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò kan ṣoṣo tó kù.

Màmá ti dé orí àtẹ̀gùn, tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tan iná sí ilẹ̀, ó tan án sí ara àwọn ọmọ rẹ̀.

"Èwo ni wáìnì?" ó bi wọ́n. "Èwo ni ẹ̀jẹ̀?"

"A jà, Màmá," Ahọ́n wí. "Láàárọ̀ yìí, nínú yàrá ẹran. Ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́, mo sì bò ó mọ́ yín lójú."

Màmá rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ṣí ẹnu bí ẹni tó fẹ́ pa òwe kan, ó tún pa á dé.

Àlejò ló wá kọjá lára rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, iwájú orí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó fa okùn awọ tó fi di àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ yọ, ó fi di ọrùn ọwọ́ Alásè pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. "Ẹ gbé e lọ sọ́sípítù kíá," ó wí. Ó kó àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ra. "Àwọn ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹran màlúù ni wọ́n ń gé níbẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Wọn kò rí i mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Dókítà rán ọwọ́ náà ní ojú mẹ́tàlélógún, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò àti ìka méjì kọ̀, wọn ò ká mọ́. Ahọ́n ti ń fi apá ọ̀tún ẹnu jẹun. Lọ́jọ́ tí ilé oúnjẹ tún ṣí, òun ni ó wọ aṣọ iṣẹ́, òun ni ó gba ọ̀bẹ, Alásè sì jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé irun lò ń fá ni, àbí ẹran lò ń gé? Tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ọwọ́ rẹ rọ̀ bí ti ọkọ ìyàwó. Fi ata sí i. Ata ni mo wí, mi ò ní kó o kí i!"

Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, wọ́n gbé e sórí tábìlì kan náà, tí wọ́n ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kan padà. Màmá gbé kọ́kọ́rọ́ sáàárín, àdéhùn ọjọ́ yẹn náà ni. Ahọ́n ṣí ìgò ìkẹyìn. Kí ó tó gbé ife, ó la ẹnu gbàgà níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹnu ẹṣin ní ọjà.

Ó jẹ ẹran. Ó mu wáìnì. Ọ̀rá bo ahọ́n, wáìnì dé pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó bá ọ̀rá lójú ọ̀nà, ó sì rọ̀. Èso dúdú yọ, ata dúdú tẹ̀lé e, igi jíjó ló kẹ́yìn. Omi kún ojú Ahọ́n.

"Ó bá a mu, Màmá."

"Tutọ́," ni Alásè wí.

"Sínú garawa?"

"Sínú àwo funfun. Kí n rí i."

Ahọ́n tu ú. Alásè fi ọwọ́ òsì fa àwo náà mọ́ra, ó gbé e síhà fèrèsé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó wò ó pẹ́, débi pé Màmá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó gbé àwo náà sílẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí kọ́kọ́rọ́. Àwọn ìka náà ò dì í mú, kọ́kọ́rọ́ já bọ́ sílẹ̀. Ahọ́n yára bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a mú un, bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gorí ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí egungun fi dún.

"Fi sílẹ̀."

Alásè gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rí i há sáàárín ìka kékeré méjì tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

"Kí lò ń wò?" ó bi àbúrò rẹ̀. "Ẹran rẹ ti ń tutù."